Ẹ́ńjìnnì Ìdí Ọkọ̀

“Ẹ wò ó, Ọ̀gá Télọ̀. Ṣé igi rèé?”

Mẹkáníìkì fa ẹ̀rọ tó fi ń dá igi lu jáde ní ìdí ọkọ̀, ó sì na ẹnu ẹ̀rọ náà sí télọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rúnrún igi gbígbẹ ló wà níbẹ̀. Ohun dúdú kan tó rọ̀ bí ẹrẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn, omi sì ń kán lára rẹ̀. Télọ̀ fi ìka bọ inú ihò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lu náà. Ìka rẹ̀ wọlé tán, kò bá ohun líle kankan pàdé.

“Ó ti jẹrà,” mẹkáníìkì wí. “Ọ̀dà òkè yẹn ló ń tàn wá jẹ, inú ti kú tipẹ́. Bí a bá gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ báyìí, ọjọ́ tí ẹ bá fún un níná ló máa fa ìdí ọkọ̀ já, àwọn méjèèjì á sì jọ rì.”

“Kí la lè ṣe sí i?”

“Ká gé gbogbo ibi tó bàjẹ́, ká fi pátákó tuntun rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ òní o, ọ̀gá.”

“Gé e,” ni télọ̀ wí.

Ó-Ti-Jí ni gbogbo èèyàn etí omi ń pe mẹkáníìkì náà, nítorí igbe tó máa ń ké nìyẹn nígbàkígbà tí ẹ́ńjìnnì tó ti dákẹ́ bá dáhùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn aláwàdà a máa sọ pé bí òkú bá gbọ́ ohùn rẹ̀, á kọ́kọ́ jókòó ná kó tó rántí pé òun ti kú. Lọ́jọ́ yẹn kò ké rárá. Ó mú ayùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré ni ọkọ̀ náà, bàbá télọ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Fún ọdún gbọọrọ ni wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìn ilé, tí adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àìsàn ìyàwó télọ̀ ló mú kí wọ́n gbé e jáde. Kíndìnrín obìnrin náà ti dáṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní òdìkejì adágún. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò kọjá tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa tún un ṣe. Ni télọ̀ bá rán ìgbòkun tuntun, ó so ó mọ́ òpó ọkọ̀, ó sì ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnìkan. Lọ́jọ́ kan, ó dákẹ́ nígbà tí wọ́n dé agbedeméjì adágún. Ìgbòkun so jọ̀bọ̀tọ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sínú òjò. Oòrùn mú ganrínganrín. Obìnrin náà dùbúlẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, ọkọ rẹ̀ sì ń fi àjẹ̀ wakọ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Nígbà tí wọ́n máa gúnlẹ̀, nọ́ọ̀sì ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ. Ọjọ́ yẹn ni télọ̀ búra pé afẹ́fẹ́ ò ní fi ojú òun gbolẹ̀ mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, ló fún un ní ẹ́ńjìnnì náà. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń bí iṣẹ́. Nígbà tí pátákó tuntun gbẹ, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kúrú fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tó yẹ kó máa ti ọkọ̀ síwájú ń yí lókè omi, ó ń han bí ọmọ tí wọ́n já lọ́mú. Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ irin tó máa mú un lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí irin dé, ìwúwo rẹ̀ tẹ ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, imú rẹ̀ wá ń wo ojú ọ̀run. Ni wọ́n bá gbé táǹkì epo àti bátìrì lọ síwájú. Télọ̀ fi tapólì rán ìbòrí tí kò ní jẹ́ kí oòrùn pa ìyàwó rẹ̀, ó rán aṣọ sára fóòmù tí obìnrin náà máa sùn lé, ó tú u, ó sì tún un rán, nítorí ojú ìránṣọ rẹ̀ wọ́ díẹ̀ ní igun kan.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ọkọ̀ apẹja kan ló ń bá wọn gbé aláìsàn kọjá, láàárín àwọ̀n tútù àti garawa ẹja. Àbúrò aláìsàn náà obìnrin ló ń tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn apẹja á rántí wọn, nígbà mìíràn kò ní rántí.

Àbúrò ìyàwó yìí ló wá bá télọ̀ létí omi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò kí Ó-Ti-Jí.

“Bùọ̀dá, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹun láti àná.”

“Sọ fún un pé ó ku díẹ̀. Bóòtù ẹ́ńjìnnì méjì péré ló kù ká de.”

“Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́sí nìyẹn. Kì í ṣe bóòtù ló ń béèrè.”

“Mo ń bọ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.”

“Mo ní mò ń bọ̀!”

Obìnrin náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. “Ó dáa. Ilé ń jó, ẹ ń lé eku.” Ó yíjú padà, ó ń lọ. Ó-Ti-Jí tẹrí ba, ó ṣe bí ẹni tó ń wá sípánà nínú iyanrìn. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ kí télọ̀ tó dé ilé, ìyàwó rẹ̀ sì ti sùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ yarí. Wọ́n fa okùn rẹ̀ títí apá ń ro wọ́n. Ó-Ti-Jí tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tún un dè, ó sì fa okùn lẹ́ẹ̀kan sí i. Èéfín búlúù bú jáde.

“Ó ti jí!”

Wọ́n wà á jáde lọ sójú omi, wọ́n sì wà á padà. Ọkọ̀ náà ń gé omi bí abẹ ṣe ń gé aṣọ. Télọ̀ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Kò dúró wẹ ọwọ́. Ó sáré lọ sílé.

Ìyàwó rẹ̀ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ gbẹ.

“Ìyá àwọn ọmọ, ó ti ń ṣiṣẹ́! Lọ́la, kí oòrùn tó mú, a ti dé ọ̀hún.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jókòó.”

“Gbogbo ara mi ló kún fún òróró.”

“Ẹ jókòó. Bẹ́ẹ̀dì ṣeé fọ̀.”

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

“Mi ò lọ mọ́,” obìnrin náà wí.

“Lọ́la?”

“Lọ́la kọ́. Mi ò lọ mọ́ ni.”

“Ọkọ̀ apẹja yẹn ló sú ọ. Mo mọ̀. Mo ti rán fóòmù fún ọ, mo ti ṣe ìbòrí…”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Bó jẹ́ bàálù lẹ rà, mi ò ní wọ̀ ọ́.” Ó mí kanlẹ̀ kó tó máa bọ́rọ̀ lọ. “Dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn mi náà ti ń rẹ̀. Bí wọ́n bá fọ ẹ̀jẹ̀ yẹn lónìí, títí ọ̀la ni mi ò ní mọ ibi tí mo wà. Ó ti tó mi.”

Inú bí télọ̀ lójijì. “Kí ni mo wá ń ṣe létí omi láti ìgbà yìí? Nítorí ta ni mo ṣe ń ṣe é?”

Obìnrin náà wò ó. Kò sí ìbínú kankan lójú rẹ̀.

“Nítorí ara yín ni. Ẹ ò lè wo ojú mi. Ọkọ̀ yẹn, ibi tó bá jẹrà lára rẹ̀, ẹ lè gé e kúrò. Mi ò bá yín jà o, bàbá wa. Ká ní ẹ̀yin lẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, bóyá èmi náà á wá ọkọ̀ kan tún ṣe.”

Télọ̀ dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ó bu omi, ó sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, òróró ò kúrò ní ẹ̀bá èékánná rẹ̀. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé ìwọ mọ̀?” ni télọ̀ béèrè láìgbójú sókè.

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo wá pè yín, Bùọ̀dá.”

Télọ̀ tún bu omi sọ́wọ́. Ìgbà náà gan-an ni Ó-Ti-Jí yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, inú rẹ̀ ṣì ń dùn. “Ọ̀gá, ìgbà wo la ń gbéra lọ́la? Màá tètè wá bu epo sí i.”

“Máa lọ sílé.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mẹkáníìkì. “Ọ̀gá, ṣé iṣẹ́ mi ò dára ni?”

“Ó dára,” télọ̀ wí. “Kò sí ohun tó ṣe iṣẹ́ rẹ.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wọ yàrá lọ, ó sì pe àkọ́bí wọn lórí fóònù. Ìlú tí ọmọ náà ń gbé jìnnà. Nígbàkígbà tó bá pè, èsì kan náà ni bàbá rẹ̀ máa ń fún un: ara màmá rẹ ń yá.

“Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ẹ ti parí rẹ̀?”

“Ó ti parí.”

“Ọlọ́run ṣeun! Ó yẹ kí ara màmá wá túbọ̀ máa…”

“Máa bọ̀ nílé.”

Ohùn ọmọ náà yí padà. “Mo lè gbàyè níbi iṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀.”

Télọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Ó wò ó dáadáa: ojú tó wú, ọrùn tó ti tín-ínrín, ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti sọ di dúdú.

“Má dúró de òpin ọ̀sẹ̀,” ó wí. “Sọ fún àbúrò rẹ náà.”

Ó gbé fóònù sétí ìyàwó rẹ̀, ó sún mọ́ ọn kí obìnrin náà lè fara tì í, ó sì jókòó síbẹ̀.