Ọwọ́ Àǹtí Nínú Ìwé Ìkòkò

41.

…olùyẹ̀wò ìjọba tó fi ìka tẹ ojú ewé, tó wo déètì, tó bọ́ awò ojú, tó nù ún, tó tún wò ó.

OLÙYẸ̀WÒ: Ta ló ń buwọ́ lu ìwé yìí láràárọ̀?
NỌ́Ọ̀SÌ: Àǹtí ni, sà. Nọ́ọ̀sì àgbà wa.
OLÙYẸ̀WÒ: Ẹ bá mi pè wọ́n.
NỌ́Ọ̀SÌ: Wọ́n ti kú, sà.
OLÙYẸ̀WÒ: Áà. Ẹ kú àfẹ́kù. Ìgbà wo?
NỌ́Ọ̀SÌ: Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì lónìí tí a sin wọ́n.
OLÙYẸ̀WÒ: Ta wá ló buwọ́ lu ti àárọ̀ yìí?

(Dókítà eyín wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.)


Nọ́ọ̀sì yìí ni gbogbo aláìsàn ń pè ní Pẹ̀lẹ́, nítorí ohun tó máa ń sọ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Nọ́ńbà òkè yẹn, ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àǹtí ni. Ẹ máa kà á bọ̀. Tó bá dojú rú, ìtàn náà ló dojú rú, kì í ṣe èmi.


LÁRA ÒGIRI, LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ÌKÒKÒ

BÉBÀ KÒ DÚDÚ, ILẸ̀KÙN KÒ ṢÍ.
Ẹ MÁ BÁ MI JIYÀN.

(Àǹtí ló kọ ọ́. Ìkòkò ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó ń fi oru gbígbóná pa kòkòrò ara irinṣẹ́. Láràárọ̀, kí ẹ̀mú kankan tó dé ẹnu ènìyàn, wọn á fi bébà ìdánwò kan sí àárín rẹ̀. Tó bá dúdú délẹ̀, ooru ti kárí, wọn á sì buwọ́ lu ìwé Ìkòkò. Tó bá ku ibi tó funfun, kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé.)


Ṣáájú.

Ọdún méjìlélógún ni Àǹtí fi ṣọ́ Ìkòkò. Àṣà rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kìíní oṣù, á jókòó, á buwọ́ lu gbogbo ọjọ́ oṣù náà tán. Ó ní ọwọ́ ló ń gbàgbé, ojú òun kì í gbàgbé. Òótọ́ ni. Kò pa ìdánwò ọjọ́ kan jẹ rí.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí Pẹ̀lẹ́ gbé ìwé náà wá. Pẹ̀lẹ́ wé e sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ. Àǹtí buwọ́ lù ú dé ewé tó kẹ́yìn.

"Tí àwọn ọ̀gá bá rí àyè òfo níbẹ̀ ni wọn á wá ẹlòmíì sí ipò mi," ó ní. "Wọn ò ní rí i."

Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun ló bá a di ojú ewé mú.


INÚ FÓÒNÙ PẸ̀LẸ́

Ọjọ́ Ajé, 7:40
ÀǸTÍ: Ó dúdú?
PẸ̀LẸ́: Ó dúdú, mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:40
ÀǸTÍ: Ó dúdú?
PẸ̀LẸ́: Ó dúdú délẹ̀. Ṣé ẹ ti jẹun?
ÀǸTÍ: Ṣé ẹnu mi lo fẹ́ fi bébà wò ni?

Ọjọ́rú, 7:40
PẸ̀LẸ́: Ó dúdú, mà.

7:52
PẸ̀LẸ́: Àǹtí?

8:15
PẸ̀LẸ́: Ó dúdú o.


1.

Ó yọ bébà kan nínú páálí. Fóònù wà ní ọwọ́ kejì. Ta ni yóò sọ fún?

Ó ṣí ìwé. Ọwọ́ Àǹtí ti wà níbẹ̀, tàdáwà aláwọ̀ búlúù, ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn lọ́ sísàlẹ̀ bó ṣe máa ń lọ́. Ó dà bí ẹni pé Àǹtí ti dé ibi iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ dá bébà náà padà sínú páálí, ó sì to irinṣẹ́ sínú Ìkòkò.


2.

Ọ̀la ni n óò ṣe é.


3.

Ọ̀la.


10.

Ó kí ìwé náà pé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ṣì ní nọ́ńbà ẹni tó ti kú nínú fóònù yín.


19.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Dókítà ń yẹ ìwé wò. Ó rí ọwọ́ Àǹtí. Ó ti rí i títí, ojú rẹ̀ ò tún mọ̀ pé òun ń rí i. Ó pa ìwé dé.


26.

Pẹ̀lẹ́ gbọ́ ìró sílípáàsì Àǹtí nídìí Ìkòkò. Kò bojú wẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.


41, lẹ́ẹ̀kan sí i.

ÀBÁJÁDE ÌDÁNWÒ NÍWÁJÚ OLÙYẸ̀WÒ
Etí bébà: dúdú
Àárín bébà: funfun
Rọ́bà ẹnu Ìkòkò: ó ti là
Láti ìgbà wo:


LẸ́NU ILẸ̀KÙN

A TI ILÉ ÌTỌ́JÚ EYÍN YÌÍ PA TÍTÍ Ẹ Ó FI TÚN GBÚRÒÓ WA. Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ KAN ILẸ̀KÙN.


41, lẹ́yìn tí olùyẹ̀wò lọ.

DÓKÍTÀ: Òkú kì í jẹ́jọ́. Ọwọ́ wọn ló wà níbẹ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀.
PẸ̀LẸ́: Wọn ò pa á jẹ rí, Dókítà.
DÓKÍTÀ: Mo mọ̀.
PẸ̀LẸ́: Èmi ni mo gbé ìwé lọ bá wọn. Èmi ni mi ò dán an wò.
DÓKÍTÀ: Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀.


42.

Fọ́ọ̀mù olùyẹ̀wò, ìlà kẹfà:
Orúkọ ẹni tí ìdánwò wà lọ́rùn rẹ̀: . . . . . . . . . . . .

Pẹ̀lẹ́ ṣí bíírò. Ó dé e. Ó ṣí i. Ìtìjú mú un, ẹ̀rù bà á, àárò Àǹtí sì ń sọ ọ́ gidigidi.

ÀWỌN TÍ A Ó PÈ FÚN ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀
– tísà tó máa ń di ojú kó tó ya ẹnu
– awakọ̀ tó sùn lọ lórí àga
– ìyá arúgbó tí eyín rẹ̀ ku méjì
– ọmọ Àǹtí, obìnrin, eyín ẹ̀yìn lókè, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ìyá rẹ̀ ló ti bá a gba ọjọ́ sílẹ̀.
– àti àwọn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún mìíràn


42, ìpè kẹrin.

ỌMỌ ÀǸTÍ: Pẹ̀lẹ́! O mà ṣeun tó pè. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìwọ nìkan ló ń rántí wa.
PẸ̀LẸ́: Eyín yẹn ńkọ́?
ỌMỌ ÀǸTÍ: Ojú ibi tí ẹ ti yọ ọ́ ti jinná. Kí ló dé? Ohùn rẹ ò dáa.
PẸ̀LẸ́: A fẹ́ kó o wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.
ỌMỌ ÀǸTÍ: Ẹ̀jẹ̀? Nítorí eyín?
PẸ̀LẸ́: Ìkòkò ò gbóná tó. A ò mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.
ỌMỌ ÀǸTÍ: Ẹ ò dán an wò ni?
PẸ̀LẸ́: Ṣé o lè wá lọ́la?
ỌMỌ ÀǸTÍ: Pẹ̀lẹ́, ìyá mi ò lè gbà fún irú èyí láé. Ìwé wà lọ́dọ̀ yín. Wo ọjọ́ tèmi. Ta ló buwọ́ lù ú?
PẸ̀LẸ́: