Àgùàlà Kì Í Ṣe Ajá Òṣùpá

Ọdún mẹ́ta ni télọ̀ fi retí ìrọ̀lẹ́ tí òṣùpá yóò bo ìràwọ̀ àgùàlà, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní ajá òṣùpá nítorí pé ó máa ń tẹ̀ lé e. Òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀, ó sáré lọ mú ọ̀rá tí yóò fi bo awò tó fi ń wo ìràwọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kó tó dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tú awò náà palẹ̀ sínú àpótí.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

"Nítorí ajá òṣùpá lo ṣe ń jágbe mọ́ mi?"

"Kì í ṣe ajá òṣùpá! Lójú yín, gbogbo ẹni tó bá ń tẹ̀ lé èèyàn, ajá rẹ̀ ni!"

Òjò dá lójijì. Kí télọ̀ tó ṣí àpótí, òṣùpá ti gbé àgùàlà mì.

"Ṣebí yóò tún jáde," ni ẹ̀gbọ́n wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Yóò jáde. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa rí i." Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú ilé gbàgà.