Ọ̀nà Tí Àmúsà Kò Rìn Dópin

"Màrìwò ti wà níbẹ̀!" ni Sùrájù kígbe láti ẹ̀yìn jíìpù. "Bàbá ti rìn ín. Tíṣà, ẹ wọlé jàre, kí lẹ tún ń wò?"

Báyọ̀dé, tíṣà ará Èkìtì tí ó ni jíìpù náà, tẹ bíréèkì. Ó yíjú sí Àmúsà tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ rìn ín dópin?"

"Kí lo rí ní ẹnu ọ̀nà?" ni Àmúsà fi dá a lóhùn.

Báyọ̀dé fi ọkọ̀ sí jíà, wọ́n sì wọ igbó tó wà lẹ́yìn Bàrúwà.

Oṣù kọkànlá ọdún 1987 ni. Òjò àrọ̀kúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní irú àkókò yìí, tí ẹrẹ̀ máa ń fara pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ọdẹ adúgbò kì í gbé ọkọ̀ wọ igbó láìjẹ́ pé Àmúsà ti fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀ ọ̀nà náà láti ẹnu dé òpin. Bí ó bá rìn ín tán, tí ó rí i pé ó dára, á so màrìwò mọ́ igi. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí màrìwò rẹ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Àfi ti àná. Orúnkún ọ̀tún ló dá bàbá dúró lágbedeméjì. Ó jókòó sórí kùkùté kan, ó wo iwájú, ó rí i pé ojú ilẹ̀ gbẹ, ó ní ọ̀hún náà á ti gbẹ. Ó padà sẹ́yìn, ó so màrìwò. Ṣé kí àwọn ọmọ àná wá máa sọ pé Àmúsà ti darúgbó ni? Kò mọ̀ pé ìbọn Ọlátúnbọ̀sún yóò bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àgọ́ ọdẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí Sùrájù, ọ̀dọ́ ọdẹ tí wọ́n jọ wà níbẹ̀, yóò sì gba àárín oko sáré wá pe jíìpù.

Títí, ìyàwó Ọlátúnbọ̀sún, wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé aṣọ mímọ́ sórí itan.

"Sùrájù, ṣé ẹ̀jẹ̀ yẹn ti dá?"

"A fi aṣọ di apá rẹ̀, àǹtí. Ó ṣì ń jò. Ẹ jẹ́ ká ṣáà tètè débẹ̀ ná."

"Ọlọ́run á jẹ́ ká bá a láàyè. Bàbá, ẹ ṣé o. Ká ní ẹ ò tíì rin ọ̀nà yìí ni, Ìpájà là bá gbà, ibẹ̀ sì jìnnà."

Ọpẹ́ yẹn dun Àmúsà ju èébú lọ. Ojú tì í, ó sì ń bẹ̀rù. Ó gbójú sílẹ̀, ó ń wo ihò tí ọ̀pá rẹ̀ dá sí ojú ọ̀nà lánàá. Àwọn ihò náà tò títí dé ìdí kùkùté. Lẹ́yìn kùkùté, kò sí ihò kankan mọ́, ọ̀nà sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀.

"Tíṣà, dúró!"

Jíìpù dúró gìrì.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ibí ni mo rìn dé. Orúnkún mi kọ̀, mo bá padà."

"Ẹ sì so màrìwò!" ni Sùrájù pariwo.

"Mo so ó. Mo parọ́."

Báyọ̀dé fa bíréèkì ọwọ́. Ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ bàbá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó rin bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ilẹ̀ gbà á dáadáa. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó fi gún ilẹ̀, ọ̀pá náà sì wọlé títí dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó fi agbára fà á yọ, ẹrẹ̀ dúdú ló ń kán lára rẹ̀.

"Bàbá," ni Títí wí, "ọkọ mi ló wà lọ́hùn-ún o."

Àmúsà bọ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀pá rẹ̀. "Ẹ fi ẹ̀yìn rìn, ẹ gba Ìpájà. Ẹ má dúró dè mí. Mo fẹ́ lọ tú màrìwò yẹn kí ẹlòmíràn má baà tẹ̀lé e."

Ó pẹ́ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ó tú màrìwò. Ìjókòó ló fi kírun Àìlà nítorí orúnkún, ó sì bẹ Ọlọ́run kí ó má gba ẹ̀mí Ọlátúnbọ̀sún. Etí títì ibẹ̀ ló jókòó sí, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò gbà kọjá lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó tó Alásárì kí ó tó gbọ́ fèrè jíìpù. Báyọ̀dé dúró. Ọlátúnbọ̀sún gbé orí lé itan ìyàwó rẹ̀, ètè rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là. Títí di aṣọ mú mọ́ ojú ọgbẹ́ apá rẹ̀.

Àmúsà na ọ̀pá gba ojú fèrèsé sí Sùrájù.

"Ìwọ ni kó o máa rìn ín láti òní lọ. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti dá ọ dúró, sọ fún wọn pé ibẹ̀ lo dé."

Sùrájù fi ọwọ́ méjèèjì gba ọ̀pá. Bàbá yí padà, ó fẹ́ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

"Bàbá, ẹ wọlé," ni Títí wí. Kò gbójú sókè. "Ọwọ́ ti ń ro mí. Ẹ wá bá mi di aṣọ yìí mú."

Àmúsà wọlé sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó sì dì í mú.