Ọkọ̀ Bàbá Gbẹ sí Itamaga

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 2023, Lùkúmàn fa ọkọ̀ bàbá rẹ̀ jáde nínú ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ó sì fi lọ́rì gbé e lọ sí ilé ara rẹ̀ ní Itamaga, ní Ìkòròdú.

Pọ́ntùn ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ìrókò gígùn méjì ni, tí wọ́n fi pákó tẹ́ orí wọn kí wọ́n lè di ọ̀kan, tó fi rí pẹrẹsẹ bí ìta gbangba. Òun ni bàbá wọn, olóògbé Alájì Mùsílíù, fi ń kó ẹja, igi ìdáná, ìyàwó tuntun àti òkú sọdá ọ̀sà. Nígbà tí Alájì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kó òkúta sínú ọkọ̀ náà, wọ́n sì rì í sí etí omi lẹ́yìn ilé. Wọn kò sọ ọ́ nù o. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ igi nílé wọn nìyẹn: èyí tí kò bá ní iṣẹ́, abẹ́ omi ni ó ń sùn, nítorí oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀, kì í ṣe omi.

Àpínkẹ́, ìyá wọn, ló tún dá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ. Ó ní kí ojú òun tó fọ́ tán, òun fẹ́ jókòó nínú ọkọ̀ ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n gbé òun lọ sí ìlú ìyá òun ní òdì kejì ọ̀sà. Lùkúmàn, tó jẹ́ káfíńtà, ní òun á tún un ṣe. Bísíríyù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àkọ́bí ilé, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá wọn ní Ẹ̀pẹ́, ní kò burú, kó wá gbé e.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Lùkúmàn lọ. Kí Bísíríyù tó ti mọ́ṣáláṣí dé, pọ́ntùn ti wà lórí lọ́rì, wọ́n ti fi okùn dì í.

"Ṣé o ò lè dúró kí n kírun tán ni?" Bísíríyù béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Dírẹ́bà ló ń pariwo pé òun ń lọ."

"Dírẹ́bà. Àbí ẹ kì í kírun Jímọ̀ mọ́ ní Ìkòròdú?"

"À ń kí i, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́, ìwọ àti dírẹ́bà ẹ."

Ó wọlé lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Ní Itamaga, àwọn aládùúgbò fi Lùkúmàn ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹnì kan á yọjú lórí ògiri, á ní, "Ànábì Núhù, ìgbà wo ni ìkún omi ọ̀hún ń bọ̀?" Lùkúmàn á rẹ́rìn-ín, á sì tẹ orí ba iṣẹ́. Ó yọ àwọn pákó tó ti jẹrà, ó fi tuntun rọ́pò wọn. Ó fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú ibi tí omi lè gbà wọlé. Ara ọkọ̀ ìrókò méjèèjì ṣì le koko. Kí wọ́n má bàa gbẹ, ó da àpò tútù bò wọ́n, ó sì ń fa omi kànga dà sí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

"Bàbá Ikhlas," ni Waliyah, ìyàwó rẹ̀, wí, "ẹ ò pọn omi báyìí fún mi rí látìgbà tí mo ti wọlé yín."

"Igi ló ń sán tó bá gbẹ, ìwọ ò lè sán."

"Ẹ máa wí. Ẹ ò tíì rí i tí mo sán ni."

Nígbà tí oṣù kejìlá wọlé, iṣẹ́ parí. Ó ku kí ọkọ̀ padà sómi kí ọyẹ́ tó dé. Ṣùgbọ́n ilé wọn ní àṣà kan. Àwọn baba ńlá wọn tó sá kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n bá wá, àkọ́bí ló sì kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀. Látìgbà náà, ọkọ̀ tuntun tàbí ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe kò gbọdọ̀ kan omi àfi tí àkọ́bí bá kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lùkúmàn fóònù Bísíríyù.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ti ṣetán. Ṣé kí n gbé e bọ̀ ní Sátidé, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ létí omi?"

"Rárá o. Ṣé èrò ọkọ̀ ni mí, tí màá fi máa dúró létí omi? Èmi ni mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ. Sọ́ńdè."

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, Lùkúmàn lọ dúró dè é ní Gáréèjì Ìkòròdú. Ó jókòó sórí àga ẹlẹ́pà kan láti àárọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Bísíríyù kò dé. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ìsọmọlórúkọ ló gbà á. Nígbà tí Lùkúmàn tún pè é, ó ní, "Ṣé ọkọ̀ náà fẹ́ sá lọ ni? Ẹni tí kò lè dúró kí n kírun ló wá kọ́ ìdúró lónìí?"

Ọyẹ́ dé. Kànga fà sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Àpò tí Lùkúmàn bá rẹ láàárọ̀ á ti gan kí ó tó di ọ̀sán.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọ̀sà ìhín, kí ẹ rì í síbẹ̀," Waliyah bẹ̀ ẹ́. "Ọ̀sà ò jìnnà sí wa."

"Kó wọ omi kí ẹ̀gbọ́n mi tó tẹ̀ ẹ́? Wọ́n á ní mo gba ipò lọ́wọ́ àkọ́bí."

"Ta ni wọ́n?"

Lùkúmàn gbé korobá, ó tún gba ìdí kànga lọ.

Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ pè é. "Lùkúmàn, gbé ọkọ̀ wá. Èmi tí mo bí àkọ́bí ni mo ní kí o gbé e wá."

"Màámi, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ̀gbọ́n ò tíì tẹ̀ ẹ́."

"Ojú mi ò mọ sùúrù, ọmọ mi."

Síbẹ̀, ó dúró.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kìn-ín-ní, nǹkan ró pàá lẹ́yìnkùlé. Waliyah rò pé ẹnì kan ló sọ òkúta sórí páànù. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ọkọ̀ ìrókò apá ọ̀tún ti là láti iwájú dé ìdí, ọwọ́ ènìyàn ń wọ inú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tòsì náà là. Òwú àti ọ̀dà kò lè dí irú ìyẹn, ìṣó kò sì lè dì í.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni Bísíríyù dé, ó dé fìlà funfun, bàtà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti múra láti tẹ ọkọ̀. Ó yí pọ́ntùn náà ká. Ó fi ìka tọ ojú ibi tó là.

"O jẹ́ kó gbẹ," ó wí.

"Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló ní kí o dúró? Nígbà tó yẹ kí o dúró dè mí ní Jímọ̀ ọjọ́sí, ṣé o dúró?"

Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì jáde lọ wọ mọ́tò. Waliyah sáré gbé omi tẹ̀ lé e, kò gbà á.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, Àpínkẹ́ kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ àfi nípa ohùn. Kò sọdá ọ̀sà. Àwọn tó ń yan ẹja ra igi ọkọ̀ náà, wọ́n là á, wọ́n sì fi dáná. Àwọn ọmọ Alájì Mùsílíù kò ní ọkọ̀ mọ́, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀.