Irin Inú Erìgì Mi

Gbogbo ìlú Pakokku ló mọ̀ pé ẹnu èmi, Daw Ohn Kyi, kì í dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bi ara wọn léèrè ohun tó mú mi jókòó bí odi lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ mi, Pyae Sone. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, kí aṣòfófó má bàa bù mọ́ ọn.

Ẹnu mi ló ń rùn. Aránṣọ ni mí. Bí mo bá ń wọn ọrùn èèyàn, ojú wa a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara. Obìnrin kan fi aṣọ bo imú lójú mi kòrókòró. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Kí ni mo wá ṣe? Mo túbọ̀ ń jẹ kúnyà, àpòpọ̀ tí à ń rún lẹ́nu, tó ń sọ itọ́ di pupa: ewé tútù, ẹfun, èso líle, pẹ̀lú kánáfùrù rẹpẹtẹ láti pa òórùn. Mò ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, mò ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án. Ta ló tún máa wo itọ́ ara rẹ̀? Gbogbo wa la kúkú ń tu pupa.

Nígbà tí ọjọ́ ìtọrọ ń sún mọ́, mo yọ́ lọ bá oníṣègùn eyín, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yadana. Ó ní kí n má fi kúnyà kan ẹnu fún ọjọ́ mélòó kan. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Nígbà tí mo padà dé, ó ní kí n tutọ́ sínú àwo funfun. Itọ́ náà pupa fòò.

“Ìyá, kúnyà kọ́ nìyẹn o. Ẹ̀jẹ̀ ni.”

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

“Ẹ̀jẹ̀ yín ni. Ó ti pẹ́ tí erìgì yín ti ń ṣẹ̀jẹ̀, pupa kúnyà ló ń bò ó. Àwọn kòkòrò kan tí ojú ò lè rí wà nídìí eyín yín. Wọn ò lè pọ̀ láìrí irin, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí i. Wọ́n á ba erìgì jẹ kó lè ṣẹ̀jẹ̀, wọ́n á tú ẹ̀jẹ̀ náà palẹ̀, wọ́n á já irin inú ẹ̀ gbà. Wọ́n tiẹ̀ ń kó o pamọ́ sára, ara wọn á wá dúdú.”

“Irin? Ṣé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n ni?”

Kò rẹ́rìn-ín. “Èso líle yẹn ń họ erìgì yín, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń pọ̀ sí i, òórùn náà ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń gbé oúnjẹ fún wọn.”

Ojú tì mí. Ó fọ ìdí eyín mi, ó ní yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó jinná kí òórùn náà tó lọ, kí n má sì tíì fẹnu kan kúnyà. Awòràwọ̀ sì ti yan ọjọ́ ìtọrọ, kò ṣeé sún.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Ìyá ọmọbìnrin tí a fẹ́ tọrọ, Daw Than Myint, gbé àwo kúnyà síwájú mi. Mo mi orí. Ó béèrè àlàáfíà ilé, mo fi orí dáhùn. Ó sọ ọ̀rọ̀ àwàdà, mo pa ètè pọ̀.

“Daw Ohn Kyi, ṣé ọmọ wa ò wù yín ni? Ẹ kọ kúnyà wa, ẹ kọ ọ̀rọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀, a máa ń gbọ́ ohùn yín láti ìdí odò.”

Ó dìde, ó sì gbé àwo náà. Mo mọ̀ pé bó bá gbé e wọlé, ọmọ mi ti pàdánù ìyàwó nìyẹn.

“Ẹ dákun, ẹ jókòó,” ni mo wí. “Ọmọ yín wù mí. Ẹnu mi ló ń rùn. Ojú ló ń tì mí.”

Ọmọbìnrin náà, Ei Phyu, ló rọra dáhùn láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

“Màmá, mo ti mọ̀. Ó ti pẹ́ tí Pyae Sone ti sọ fún mi. Ó ní bí mo bá máa fẹ́ òun, mi ò gbọ́dọ̀ yíjú tí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní òun ò yíjú rí.”

Mo wo ọmọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ojú wá tì mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo bú sẹ́kún níwájú àna mi, n kò sì rántí fọwọ́ bo ẹnu.