Nígbà Tí Ọjọ́ Ìrìnàjò Màmá Yí Padà

Àṣàkẹ́, àlá tí mo lá yìí ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Bísí àbúrò mi fẹ́ bímọ ní Amẹ́ríkà, Màmá sì ń lọ bá a wẹ ọmọ. Mo fi nọ́ńbà kọ ọjọ́ ìrìnàjò rẹ̀, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún, sínú ọ̀kan nínú àwọn àpótí tábìlì tí èmi àti Bísí jọ ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dọ̀ Bísí, níbi tí wọ́n ti ń kọ oṣù ṣáájú ọjọ́, ó di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Ó figbe ta lórí fóònù: "Bọ̀dá mi, ọkọ̀ òfuurufú ti lọ!"

Mo yí tábìlì sí bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ ní Nàìjíríà, mo tún yí i sí ti Amẹ́ríkà. Màmá ti jókòó sínú àpótí tí mo kọ ọjọ́ sí, ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ lápá ọ̀tún rẹ̀, ilẹ̀ ṣú lápá òsì. Ó ní, "Ṣé ọmọ ti dé ni?" Mo gbọ́ ẹkún ọmọ nínú òkùnkùn, ni mo bá jí.