Ẹ̀wù Òtútù Nínú Oṣù Keje

"Dádì, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí n ya yín ní fótò."

"Mi ò bọ́." Metro di ilẹ̀kùn mọ́tò mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ já a gbà. "Tata tí wọ́n fi irin ṣe, tó ga ju ilé lọ, kí ni mo fẹ́ bá a sọ?"

Darlene ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Ẹ wò ó, ara ti ń fu bàbá yìí. Láàárọ̀, Darlene kàn já wọlé láti ìlú Saskatoon ni, ó ní kí àwọn lọ wo àwọn ère ńláńlá etí títì tí bàbá máa ń gbé òun lọ wò nígbà tí òun wà ní kékeré. Ó dáa. Wọ́n wo pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n wo ìkòkò kọfí tó tóbi ju mọ́tò lọ. Ibi ìkòkò kọfí yẹn ni Metro ti ṣí bọ́ọ̀tù, ó ń wá omi, ló bá rí ìrọ̀rí, ìkòkò ọbẹ̀, àti ọrùn ẹ̀wù òtútù onírun tó yọ lábẹ́ wọn. Nínú oṣù keje! Nínú oòrùn tó ń yan èèyàn bí àgbàdo! Ó rọra pa bọ́ọ̀tù dé.

Ṣebí bí wọ́n ṣe ṣe Walter ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Ọmọ Walter ní kí àwọn lọ lá áísìkiriìmù. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ti lá a, Walter ò sì padà sóko ẹ̀ mọ́ dòní.

Nǹkan míì tún wà. Lójú títì agbègbè wọn, tí mọ́tò bá pàdé mọ́tò, awakọ̀ á gbé ìka kan sókè lórí sítíárìn. Ìkíni nìyẹn, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ mọra yín rí. Láti àárọ̀, Darlene ò dá ẹnì kankan lóhùn. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀! Wọ́n sì ti kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti yà sílé. Koríko gbígbẹ lọ́tùn-ún, òkè tí òjò ti ha egungun ẹ̀ jáde lósì, kò sí ilé, kò sí igi.

"Níbo lò ń gbé mi lọ?"

"A kàn ń ṣeré ni, Dádì."

"Ṣé fótò yìí ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yàrá mi níbẹ̀?"

"Níbẹ̀ níbo?"

"Má fi mí ṣe òpè o! Mo ṣì ń da màlúù mi. Mo ṣì ń se oúnjẹ mi."

"Dádì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń se omi, omi á jóná?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀rọ̀ ti jáde!"

Ó fò sílẹ̀, ó ṣí bọ́ọ̀tù, ó fa ẹ̀wù yẹn yọ, ó sọ ọ́ sínú eruku. "Ta ló ń wọ èyí nínú ooru? O ti di ẹrù mi láìsọ fún mi!"

Ẹ̀wù tẹ́ sílẹ̀. Pupa ni. Apá ẹ̀ kúrú. Metro wo ẹ̀wù, ó wo apá tiẹ̀ tó gùn bí òpó wáyà.

"Tèmi ni," Darlene sọ. "Ẹrù mi ni gbogbo ẹ̀. Mo ti kúrò nílé Glenn. Mo fẹ́ sọ fún yín níbi pẹ́pẹ́yẹ, ẹnu mi ò gbà á. Mo ní kó di ibi ìkòkò. Ẹ kìlọ̀ fún mi kí n tó fẹ́ ẹ, mi ò gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa gbà mí sílé."

Atẹ́gùn ń fẹ́. Metro bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹ̀wù, ó ń gbọn eruku ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Glenn dé ètè ẹ̀. Ó gbé e mì.

"Àpò irúgbìn ló kún yàrá ẹ," ó ní. "A máa kó wọn jáde kílẹ̀ tó ṣú." Ó bá lọ dúró sábẹ́ tata. "Ó yá, ya fótò ọ̀hún. Ṣe kíá, àwọn màlúù ń dúró."

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé, ọkọ̀ àgbẹ̀ kan ń bọ̀ níwájú. Metro ò wo ọkọ̀ náà. Ọwọ́ ọmọ ẹ̀ ló ń wò.

Ìka kan dìde lórí sítíárìn.